Ìmọ̀ Ló Yẹ Kó Wọkọ̀, Kì Í Ṣe Aláìsàn

Àìsàn oríkèé kan wà tó jẹ́ pé òwúrọ̀ ló máa ń le jù. Ẹni tó ní in á jí, ìka ọwọ́ rẹ̀ á ti gan, kò ní ṣeé ká. Ife omi á ṣòro gbé dé ẹnu. Gèlè kò ní ṣeé wé, okùn ṣòkòtò kò ní ṣeé so, bọ́tìnnì kékeré ara bùbá á di ohun tí ọmọ ilé ní láti bá a dè. Bí oòrùn bá ṣe ń gòkè ni ara á máa tú díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi di nǹkan bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ẹni tí kò lè mú ṣíbí láàárọ̀ á ti jáde síta, á máa kí aládùúgbò, aládùúgbò náà á sì máa wò ó pé ṣé ẹni tó ní ara òun kò yá nìyí.

Ẹ wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sọ fún un pé Ìkẹjà ni dókítà tó mọ tinú-tòde àìsàn rẹ̀ wà. Kó tó lè bá wọn tò níwájú ilé káàdì, àfi kó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Á wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, á gba Ìtóìkín àti Ìmọ̀tà kọjá sí Ìkòròdú, á sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Máìlì 12, Kétu, Ọjọ́ta, kó tó wá yà sí Ìkẹjà. Wákàtí tí ara rẹ̀ le jù lọ láàárín ọjọ́ ni ètò ìtọ́jú wa ní kó fò wọ dáńfó. Nígbà tí yóò bá fi kan án lọ́sàn-án, ìka tó wú láàárọ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò, dókítà tí kò bá sì fara balẹ̀ lè ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìkòròdú sàn díẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 tí wọ́n ti fa ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Máìlì 12 dé ọ̀hún, ẹni tó bá rí ààyè jókòó lè dé ìgboro láìjẹ́ pé kọ̀ndọ́kítọ̀ ń tì í lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi náà ń gbéra ní Ìpákodò lọ sí apá Marina. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kì í dé Ìkẹjà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú kò sì ṣeé ní kó gbẹ́sẹ̀ láti orí èbúté bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń mì. Yàtọ̀ sí èyí, Ìkòròdú kì í ṣe ojú kan. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ìgbógbó ṣì ní láti wọ kórópe tàbí máruwá kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà.

Nígbà tí wọ́n bá ń pe ìpínlẹ̀ Èkó ní IBILE, ẹkùn márùn-ún ni wọ́n ń kà: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos Island àti Ẹ̀pẹ́. Ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀rọ̀ dókítà oríkèé yìí nígbàkigbà tí mo bá rí orúkọ náà lára pátákó. Kì í ṣe pé wọn kò kọ́ ilé ìwòsàn sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ o. Jẹ́nẹ́rà wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ìjẹ̀dẹ́, ó wà ní Àgbòwà, ó wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ sì wà káàkiri. Ilé pọ̀. Ìmọ̀ kan pàtó, ti dókítà oríkèé, ló jẹ́ pé àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ló kó jọ sí, bíi LASUTH ní Ìkẹjà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré lábẹ́ ìjọba ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, tó sì di ilé ìwòsàn yunifásítì ní 2001.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà. Tí oríkèé bá ti ń dun Yorùbá Èkó, Ìgbóbì ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Wọ́n dá Ìgbóbì sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ náà ló di ilé ìwòsàn egungun ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ojú ọ̀nà Ikorodu Road gan-an ló wà, bẹ́ẹ̀ ó jìnnà sí Ìkòròdú fúnra rẹ̀. Egungun tó ṣẹ́, ẹsẹ̀ tó wọ́, ìbàdí tó fẹ́ ìpààrọ̀, iṣẹ́ Ìgbóbì nìyẹn. Àìsàn tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Agbára tó yẹ kí ara fi gbógun ti kòkòrò àrùn ló yí padà, tó kọjú sí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú oríkèé, tó sì ń jẹ ẹ́ lọ títí dé egungun. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Lupus jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sì máa ń bá jà jù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti oríkèé, kó kan awọ ojú, kó mú irun jábọ́, kó dá egbò sẹ́nu, kó wá wọ kíndìnrín lọ láìpariwo. Òògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Àwọn onímọ̀ gan-an kò tètè gbà pé àìsàn yìí wà láàárín wa. Ní 1993, ìwádìí kan jáde láti ìgbèríko kan ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Britain àti ti ilẹ̀ wa ló jọ ṣe é, ohun tí wọ́n sì kọ ni pé wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní rheumatoid arthritis níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lórí ahọ́n. Dókítà tí wọ́n bá ti kọ́ pé àìsàn kan kò sí nílùú rẹ̀ kò ní wá a. Ní 2010 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò, tó wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtọ́jú oríkèé ní Nàìjíríà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ àkọsílẹ̀ wọn jáde lórí igba aláìsàn rheumatoid arthritis àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú ní ilé ìtọ́jú oríkèé kan. Igba ènìyàn, láti ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo. Èmi ò sọ pé àwọn ti 1993 purọ́. Ó lè jẹ́ pé ìgbèríko yàtọ̀ sí ìgboro. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé dókítà tó mojú àìsàn síbi kan, ó dájú pé àwọn aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbẹ̀.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Èyí tó ń jẹ orúnkún àwọn ìyá àti bàbá wa, tó máa ń le bí wọ́n bá rìn, tó sì máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá sinmi, òun ló wọ́pọ̀ jù lọ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 láti Igbó-Ọrà sọ pé nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ti orúnkún yìí, tó sì ń dùn wọ́n. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú márùn-ún. Kò nílò dókítà oríkèé láti Ìkẹjà. Eré ìdárayá fún iṣan itan, kí ara fúyẹ́ díẹ̀, àti ẹni tó mọ ìfọwọ́wọ́ra tó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, gbogbo rẹ̀ lè parí sí Jẹ́nẹ́rà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ni a kó sábẹ́ làkúrègbé, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn àti ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ìka rẹ̀ ń wú sì máa ń gba òògùn kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà.

Ẹnì kan náà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ìkẹjà jìnnà bí ọ̀run, ṣùgbọ́n kẹ́míìsì wà ní ìkóríta. Ìyá alágbo ń gbé igbá rẹ̀ kiri láti ìdájí. Pásítọ̀ wà, áfáà wà, oníṣègùn wà lábúlé. A lè bú wọn títí ilẹ̀ ó fi ṣú, òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn kì í béèrè káàdì, wọn kì í ní kí ènìyàn padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì máa ń ta òògùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó páálí. Ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò lè pa ọjà kan tì nítorí pé ó fẹ́ lọ fi gbogbo ọjọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ìyá, ẹ lo èyí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ ó ránṣẹ́ sí mi,” ni kẹ́míìsì á wí. Ìyá á sì ránṣẹ́ lóòótọ́, á ní Ọlọ́run á bù sí i fún un, nítorí pé láàárín ọjọ́ méjì ara ti yá pátápátá. Nínú bébà kékeré tí wọ́n pọ́n fún un, bí diclofenac tàbí Feldene bá wà níbẹ̀, dexamethasone tàbí prednisolone sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe òògùn burúkú. Dókítà oríkèé fúnra rẹ̀ ń lò wọ́n, ní ìwọ̀n díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó bá ń dúró de òògùn gidi láti múlẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ń lò wọ́n lóṣooṣù láìmọ orúkọ wọn ni wọ́n ti ń di ewu. Ojú á kún, wọ́n á ní ó sanra, wọ́n á ní ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìfúnpá á gòkè, ṣúgà á yọjú, egungun á máa gbó láti inú, kòkòrò àrùn tí ara ì bá lé dànù á wá ráyè wọlé. Bó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, ara tí kò rántí bí òun ṣe ń pèsè tirẹ̀ mọ́ lè dá a wó. Àgbo kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá ju bí ewé àti egbò ṣe máa ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo máa ń fura sí àgbo tó bá wo oríkèé wíwú sàn ní ọ̀sán kan.

Ní gbogbo àsìkò tí ìrora fi rọlẹ̀ yìí, ìjẹ tí àìsàn náà ń jẹ egungun kò dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ òògùn gidi fún nínú rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ogún ọdún, ẹni tó bá pẹ́ lè rí ìka rẹ̀ kó wọ́, kò sì sí òògùn tó lè na ìka tó ti wọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà ìjọba Britain fi sọ pé bí dókítà àdúgbò bá ti fura sí i, kó kọ lẹ́tà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, kí ilé ìwòsàn sì rí aláìsàn náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn náà kì í sábà lè pa á mọ́. Ó kéré tán, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni.

Òògùn gidi náà, èyí tó máa ń dá ìjà náà dúró, methotrexate ni àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ láyé, kò gbówó lórí bíi ti àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè, ó sì wà nínú àkójọ òògùn kòṣeémánìí ti àjọ WHO. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú folic acid láti fi dín ìnira rẹ̀ kù. Ẹni tó bá ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ lè bá a kú. Obìnrin tó lóyún, tàbí tó ń retí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Àfi kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò látìgbàdégbà, kí wọ́n mọ bí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbà á sí. Òògùn tó nílò irú àmójútó báyìí kò ṣeé fi sílẹ̀ fún kẹ́míìsì ìkóríta, ṣùgbọ́n kò sídìí tí nọ́ọ̀sì àti dókítà Jẹ́nẹ́rà kò fi lè mójú tó o ní Ẹ̀pẹ́ bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún aláìsàn ní Ìkẹjà.

Hydroxychloroquine tún wà, òun ni àwọn tó ní lupus gbára lé jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Donald Trump, gbé e lárugẹ pé ó lè wo kòrónà, gbogbo ayé sáré sí i. Ní Èkó níbí, ènìyàn méjì wọ ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n lo chloroquine, ìbátan rẹ̀, ní àlòjù. Àwọn tí hydroxychloroquine ń mú kíndìnrín wọn dúró ni kò rí i rà mọ́, tàbí kí wọ́n rà á ní owó gọbọi. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá. Ni 2023 bá dé. Owó epo fò sókè ní oṣù karùn-ún, iye owó náírà já ní oṣù kẹfà, ilé iṣẹ́ GSK kéde ní oṣù kẹjọ pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Owó ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkẹjà àti owó òògùn gòkè lọ́dún kan náà, ẹni tó ń lọ gba òògùn lóṣooṣù sì san méjèèjì.

Adójútòfò ìlera lè gbé díẹ̀ nínú ẹrù yìí. Òfin rẹ̀ ní Èkó ti wà láti 2015, wọ́n fi ètò náà, tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó báyìí, lọ́lẹ̀ ní ìparí 2018 ní ₦8,500 lọ́dún fún ẹnì kan, owó yẹn sì ti gòkè láti ìgbà náà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ pé dandan ni fún gbogbo ará Èkó. Ó dára. Èmi yóò kàn fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ìjọba bi ara wọn ní Àláúsá bóyá àìsàn tí ènìyàn yóò máa gbé kiri títí ayé, tó nílò ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra, rí àyè tó tó nínú ohun tí adójútòfò náà ń sanwó fún. Ibà rọrùn láti sanwó fún, nítorí pé ó máa ń tán.

Àwọn kan á ní kí ìjọba gba dókítà oríkèé sí gbogbo Jẹ́nẹ́rà. Ta ni wọ́n fẹ́ gbà? Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn, ọdún kan fún ìfiṣẹ́kọ́ra, ọdún kan fún agùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ọdún bíi mẹ́fà kó tó di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan. Nígbà tó bá sì parí, ilé ìwòsàn Manchester tàbí Riyadh ti ń dúró dè é. Bí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọmọ tó ń ṣe wáẹ̀kì báyìí la ó máa retí. Ohun tó yẹ kó máa rìn ni ìmọ̀ ìwọ̀nba àwọn tí a ní, kì í ṣe àwọn aláìsàn.

Wọ́n ti dán an wò níbòmíràn. Ní New Mexico, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Dókítà Sanjeev Arora rí i pé àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C ń dúró bí oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó rí òun. Ní 2003 ó bẹ̀rẹ̀ ohun tó pè ní ECHO. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àwọn dókítà ìgbèríko á bá a pàdé lórí fídíò, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ aláìsàn wọn sílẹ̀ láìdárúkọ, wọ́n á jọ yanjú rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, ó sì dára bíi ti ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà oríkèé ti lo irú ètò yìí náà. Ní Kenya, àwọn onímọ̀ ọ̀hún àti ti Yúróòpù jọ ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní UWEZO. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn yẹn wá lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káàkiri bí wọ́n ṣe ń mọ oríkèé tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn rẹ̀.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tiwa máa kọ́ gan-an kò le. Dókítà oríkèé kan, Paul Emery, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2002: ṣé oríkèé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wú? Ṣé ara máa ń gan fún ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀? Bí o bá di ìdí ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ mú, tí o rọra fún un pọ̀, ṣé ó dùn ún? Nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera ní Erédò lè ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí iná mànàmáná. Kó fi bébà tíńrín tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò kún un fún ọ̀dọ́bìnrin tí oríkèé ń dùn, nítorí pé ibẹ̀ ni lupus ti kọ́kọ́ máa ń fi hàn pé ó ti dé kíndìnrín. Ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rheumatoid factor kò gbọ́dọ̀ dè é lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi í hàn, ibà àti àwọn àrùn mìíràn sì lè mú kó fi hàn lára ẹni tí kò ní in. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde náà máa ń ní ìrora egungun, kí wọ́n bi ẹbí léèrè kí wọ́n tó pe ohunkóhun lórúkọ. Bàbá tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú lóru lẹ́yìn ìnáwó, tó pọ́n, tó ń jó bí iná, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Gout nìyẹn, òògùn rẹ̀ wà, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan fi nǹkan sílẹ̀ fún un láti tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí dókítà láti Ìkẹjà wá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, sí Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sí ti Ìkòròdú. Ènìyàn kan nínú mọ́tò kan rọrùn ju ogójì ènìyàn nínú dáńfó lọ. Àwọn tí dókítà Jẹ́nẹ́rà ti yẹ̀ wò, tó ti ya ẹ́síréè wọn, ni yóò rí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Kí wọ́n sì jọ̀wọ́ fi í sí ọ̀sán. Kílíníkì oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá, tó parí ní aago mẹ́rin, kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Aláìsàn á ti lè rìn, ìyá tó ń yan ẹja á ti ta ti àárọ̀. Ìka tó ti rọlẹ̀ kí ọ̀sán tó pé kò ní tan dókítà náà jẹ, bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ aláìsàn pé kó fi fóònù ya ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó bá wú jù.

Kẹ́míìsì àti ìyá alágbo, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá ti ra òògùn oríkèé lọ́wọ́ wọn fún oṣù kan tí kò lọ, kí wọ́n ní bébà kan tí wọ́n á fi rán an lọ sí Jẹ́nẹ́rà, tí wọ́n á sì mọ̀ pé wọ́n á gbà á níbẹ̀. Èmi ò rò pé gbogbo wọn ni yóò ṣe é. Àwọn tó bá ṣe é á tó fi bẹ̀rẹ̀.

Títí ìgbà náà, ẹni tó wà ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tí oríkèé rẹ̀ ń wú, tó sì ń gan láàárọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kó má kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìkẹjà lásán. Kó lọ sí Jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ ọn, kó béèrè lẹ́tà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí dókítà oríkèé, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ tí wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀. Kó kó gbogbo òògùn tó ti lò dání, tòun ti sáṣẹ́ẹ̀tì àti bébà tí wọ́n pọ́n wọn sí, kó má sì fi ìgò àgbo sílẹ̀ nílé nítorí ìtìjú.